Nígbà tí Eèrà Bá Bo Ìtọ̀: Uric Acid àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ

 

Alátọ̀gbẹ tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóde òní sábà máa ń gba ìwé èsì tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀. Ó mọ ti ṣúgà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kì í nílọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n kọ uric acid sí iwájú rẹ̀. Bí ó bá ga, láàbù á fi àmì sí i, àyà ẹni náà á já, á sì gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ. Bí ó bá wálẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ká ìwé rẹ̀ sápò, ó di ilé. Ohun tí mo wá sọ fún yín ni pé nínú ara alátọ̀gbẹ, nọ́ńbà yìí kì í dá òtítọ́ sọ. Ó lè wálẹ̀ nítorí pé àtọ̀gbẹ náà ń burú sí i. Ó sì lè gòkè díẹ̀ nítorí pé ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kà á láìka ti ṣúgà àti ti kíndìnrín mọ́ ọn, ó lè máa jó nígbà tó yẹ kó sáré lọ sílé ìwòsàn, ó sì lè máa lo oògùn tí kò yẹ kó kàn án rárá.

Kí ni uric acid gan-an? Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní piúrínì. Ojoojúmọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń kú tí tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀. Piúrínì inú èyí tó kú, àti èyí tó bá ẹran àti ẹja wọ inú wa, ni ara ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di uric acid. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ajá, màlúù àti eku tún ní èròjà mìíràn lára tó máa ń fọ́ uric acid náà di ohun tó rọrùn láti tọ̀ dànù. Àwa èèyàn kò ní in. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ga ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko lọ, tó sì jẹ́ pé ọrùn kíndìnrín ni ẹrù náà já lé. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta uric acid tí ara ń lé jáde ló ń bá ìtọ̀ lọ, ìyókù ń gba inú ìfun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1776 ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́místírì ní Sweden, rí uric acid nínú òkúta tí wọ́n yọ nínú àpò ìtọ̀ èèyàn. Ní 1848, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Alfred Baring Garrod, fi hàn pé ó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn gáọ̀tì ń dà láàmú. Ẹ mọ gáọ̀tì náà, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó wà lára ohun tí àwa Yorùbá kó pọ̀ mọ́ làkúrègbé. Ọkùnrin á sùn ní àlàáfíà, láàárín òru ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì gbóná, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè fara da aṣọ ìbora lórí rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé uric acid kò lè yòrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan, nǹkan bí 6.8 mg/dL. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di ìyẹ̀pẹ̀ mímú wẹ́wẹ́ nínú oríkèé. Mo ní ó lè dì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí nọ́ńbà tiwọn ga ni gáọ̀tì kò mú rí títí ọjọ́ ayé wọn.

Ibo ni àtọ̀gbẹ ti wá wọ ọ̀rọ̀ yìí? Inú kíndìnrín ni. Bí obìnrin tó da kòkó gbígbẹ sórí ẹní, tó wá ń ṣa èyí tó wúlò padà sínú apẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín ń ṣe. Ó kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun kéékèèké inú rẹ̀ jáde, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí ara ṣì nílò padà. Ó ń ṣa ṣúgà, ó ń ṣa iyọ̀. Ó tún ń ṣa uric acid, èyí tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí 90 nínú 100 èyí tó dà jáde ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, tó ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà láti wọnú ẹran ara, ní àṣẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ínsúlínì bá pọ̀, kíndìnrín á ṣa iyọ̀ àti uric acid padà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ìgbà kìíní, ẹ wo ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ń tóbi, tí ẹran ara rẹ̀ kò gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ara rẹ̀ á máa tú ínsúlínì jáde ní ìlọ́po kí ṣúgà lè rọ́nà wọlé. Bí wọ́n bá yẹ ṣúgà rẹ̀ wò láàárọ̀, ó lè má tíì pé 126 mg/dL tí a fi ń pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ínsúlínì tó pọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lórí kíndìnrín ní tirẹ̀, uric acid sì ń kó jọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé uric acid lè ti ga lọ́dún púpọ̀ kí àtọ̀gbẹ tó yọjú. Àwọn tó ṣe ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ ní ìlú Rotterdam, ní Netherlands, kọ ọ́ ní 2008 pé àwọn tí uric acid wọn ga ni àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tún ń mú jù bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ìgbà kejì ni ìgbà tí àtọ̀gbẹ ti wọlé, tí ṣúgà sì ti kọjá agbára kíndìnrín. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 180 mg/dL, kíndìnrín kò lè ṣa gbogbo rẹ̀ padà mọ́, ìyókù á bá ìtọ̀ lọ. Àwọn bàbá wa mọ èyí kí láàbù tó dé. Wọ́n á tọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eèrà á bò ó, wọ́n á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Eèrà kò purọ́. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà jáde ni uric acid náà ń bá a gbà. Ṣúgà tó kún inú ojú ọ̀nà ìtọ̀ á máa lé uric acid síwájú, kíndìnrín kò sì ní rí i ṣa padà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nọ́ńbà tó ti ga tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Àwọn olùwádìí méjì, Hyon Choi àti Earl Ford, fi èyí hàn kedere ní 2008, nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà 14,664 wò. Wọ́n lo HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí HbA1c ti ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ni uric acid ń bá a gòkè, títí dé àárín 6 sí 6.9 nínú 100. Láti ibẹ̀ lọ, bí ṣúgà ti ń burú sí i ni uric acid ń wálẹ̀. Ó gun òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Àwọn méjì lè wà tí nọ́ńbà uric acid wọn bára mu délẹ̀délẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le koko, kí ìkejì sì jẹ́ ẹni tí ṣúgà ń jẹ run lójú ara rẹ̀.

Ká ní bàbá kan lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣúgà rẹ̀ láìtíì jẹun jẹ́ 290, uric acid rẹ̀ jẹ́ 4.2. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin, ó dín iyán kù, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko dípò kó gun ọ̀kadà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ṣúgà di 130, uric acid sì di 6.1. Bí kò bá sí ẹni tó ṣàlàyé fún un, ohun tí yóò sọ ni pé oògùn òyìnbó ti kó nǹkan mìíràn sí òun lára. Ó lè torí bẹ́ẹ̀ jáwọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtọ̀ rẹ̀ kò gbé ṣúgà mọ́, kíndìnrín rẹ̀ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ máa sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó kúrò níwájú yín.

Ìgbà kẹta ló le jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Bí ọdún ti ń lọ, bí a kò bá tọ́jú ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa, kíndìnrín fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè lé uric acid jáde mọ́, nítorí náà nọ́ńbà yẹn á tún gòkè. Ṣùgbọ́n kíndìnrín náà ló tún máa ń fọ́ ínsúlínì tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lágbára mọ́, ínsúlínì á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn bíi glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Daonil. Ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan padà. Ìyá tí ṣúgà rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa rí 90, á rí 70. Àwọn ará ilé á máa ṣọpẹ́, wọ́n á ní àtọ̀gbẹ ti fi màmá sílẹ̀, àwọn kan á tilẹ̀ jẹ́rìí ní ilé ìjọsìn. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, wọ́n á bá màmá tó ń làágùn, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò tilẹ̀ dáhùn mọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ gba ṣúgà tó ṣàdédé wálẹ̀ ní ìwòsàn láìyẹ kíndìnrín wò. Bí ṣúgà bá ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí uric acid sì ń gòkè, kí ẹni náà má ṣe dúró di ọjọ́ kíliníìkì tó kàn. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò creatinine, èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti ti purotéènì inú ìtọ̀, kí dókítà sì tún ìwọ̀n oògùn rẹ̀ yẹ̀ wò.

A kò lè ní ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan nìyí. Ní Èkó, Ọ̀mọ̀wé Anthonia Ogbera, tó jẹ́ dókítà àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìpínlẹ̀ náà ní Ìkẹjà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Azenabor, yẹ alátọ̀gbẹ oríṣi kejì 601 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni uric acid wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tún rí i pé 60 nínú 100 wọn ló ní àkójọ ikùn ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tí kò dára, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní metabolic syndrome. Ní Lomé, ní Togo, Mijiyawa àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 2000 lórí ohun tó ń fa gáọ̀tì láàárín àwọn ará ibẹ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn ìwé ìṣègùn òyìnbó gbà pé gáọ̀tì kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ó wà láàárín wa, làkúrègbé ni a ń pè é, a kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ti pọ̀ sí i lójú wa. Ọmọ Oǹdó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Olújìmí Akinkugbe, olóògbé, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ wá iye àwọn tó ní àrùn tí kì í ràn káàkiri Nàìjíríà. Nínú ìròyìn wọn ti 1997, alátọ̀gbẹ kò ju 2.2 nínú 100 àgbà lọ. Nígbà tí Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìwádìí jọ ní 2018, ó ti di 5.77. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó wà láàárín wa á fẹ́ bi mí. Ṣé uric acid ló ń fa àtọ̀gbẹ, àbí àtọ̀gbẹ ló ń fà á? Bó bá jẹ́ pé uric acid ló fà á, a ì bá kàn fún gbogbo ènìyàn ní oògùn tó ń dín in kù, ká sì sinmi. Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti dá a lóhùn lọ́nà ọgbọ́n. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùdá tó ń mú uric acid wọn ga láti kékeré. Bó bá jẹ́ uric acid ló ń fa àtọ̀gbẹ, àwọn yẹn ló yẹ kí àtọ̀gbẹ mú jù. Ní 2015, Sluijs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo èyí láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Yúróòpù, wọn kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2020, wọ́n gbé èsì àyẹ̀wò PERL jáde: àwọn 530 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, tí kíndìnrín wọn ti ń rẹ̀, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún apá kan ní allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, apá kejì ń lo èyí tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, uric acid àwọn tó lo oògùn ti wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn kò sàn ju ti àwọn ìyókù lọ. Nítorí náà, lójú tèmi, a kò gbọdọ̀ máa lépa nọ́ńbà uric acid bí ẹni ń lépa olè. Ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn nínú ara ló ń mú wá. Ká gbọ́ ìròyìn náà, ká sì lọ tọ́jú ibi tó ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ lórí allopurinol. Oògùn rere ni. Gertrude Elion àti George Hitchings ló ṣe é, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí gáọ̀tì ń mú lemọ́lemọ́, tàbí tí òkúta uric acid ń dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, yẹ kó lò ó bí dókítà bá ṣe júwe. Ẹni tí nǹkan kan kò dùn, tó kàn rí àmì lórí ìwé láàbù, kò yẹ kó lọ rà á jẹ. Nínú ara àwọn kan, ó máa ń mú kí awọ bó, kí ẹnu di egbò, kí ibà líle sì dé, ikú sì lè bá a rìn. Ewu yìí sì ga sí i bí a bá fi ìwọ̀n ńlá bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú ju gbogbo èyí lọ. Alátọ̀gbẹ tí oríkèé bá ń ro, bó bá dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tàbí ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jọ́ ọjà, ohun tí wọ́n á pò pọ̀ fún un nínú ọ̀rá ni diclofenac tàbí ibuprofen pẹ̀lú dexamethasone tàbí prednisolone. Ìrora á lọ lọ́wọ́ kan, ẹni tó tà á á gbayì. Ṣùgbọ́n dexamethasone àti prednisolone máa ń gbé ṣúgà sókè bí iná ẹ̀ẹ̀rùn, diclofenac àti ibuprofen sì ń ba kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Kíndìnrín tó bà jẹ́ á tún kó uric acid jọ, oríkèé á tún ro, ẹni náà á tún padà síbi tó ti rà á. Mo bẹ ẹ̀yin ìyálọ́jà kí ẹ bá wa sọ ọ́ nínú ọjà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gba oògùn ìrora inú ọ̀rá tí a kò kọ orúkọ sí lára. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló fún un ní irú oògùn yìí fún ọjọ́ díẹ̀, dókítà náà mọ̀ pé òun ń ṣọ́ ṣúgà rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ wa ló ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, tó tún wà nínú Moduretic. Ó máa ń dá uric acid dúró nínú ara, ó sì lè gbé ṣúgà sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni frusemide àti aspirin kékeré tí a ń lò lójoojúmọ́ máa ń dá uric acid dúró. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù o, rọpárọsẹ̀ kò jìnnà sí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó wò ó bóyá òmíràn á dára jù. Losartan, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì tún ń dín uric acid kù díẹ̀. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tuntun kan tún wà, dapagliflozin àti empagliflozin, tí wọ́n dìídì ṣe kí wọ́n máa da ṣúgà sínú ìtọ̀. Lára ẹni tó ń lò wọ́n, uric acid tó wálẹ̀ kì í ṣe àmì ibi, oògùn náà ló ń ṣe é. Wọ́n wọ́n jù fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ní báyìí, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀ ń retí kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Iyán jíjẹ kì í gbé uric acid sókè fúnra rẹ̀, ti ṣúgà ni ká bẹ̀rù nínú rẹ̀, ìwọ̀n òkèlè tí a ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ló sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín ẹran, edé àti sadíìnì ló kún fún piúrínì, ẹni tí gáọ̀tì ń mú sì yẹ kó dín wọn kù. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún alátọ̀gbẹ pé kó má jẹ ẹ̀wà nítorí uric acid. Ìpalára ni wọ́n ń ṣe. Choi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn ọkùnrin 47,150 lẹ́yìn fún ọdún méjìlá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004: ẹran àti ẹja ló ń mú kí gáọ̀tì pọ̀ sí i, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó ní piúrínì kò ṣe bẹ́ẹ̀, wàrà tilẹ̀ ń dáàbò bo ni. Ẹ̀wà sì dára fún ṣúgà ju iyán àti gàrí lọ. Ẹ jẹ́ kí alátọ̀gbẹ jẹ ẹ̀wà rẹ̀.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ fura sí. Ìdajì ṣúgà tí wọ́n fi ń ṣe é jẹ́ oríṣi kan tí ẹ̀dọ̀ ń yára lọ̀, tó sì jẹ́ pé bí ẹ̀dọ̀ ti ń lọ̀ ọ́ ni uric acid ń jáde lára iṣẹ́ náà. Ìgò kan ṣoṣo gbé nọ́ńbà méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bíà burú fún gáọ̀tì ju ọtí mìíràn lọ, nítorí pé ó ní ọtí, ó sì tún ní piúrínì. Ní ti ẹmu, mo mọ̀ pé a kò lè ṣe ayẹyẹ láìsí i, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kún fún ṣúgà, èyí tó ti kan sì kún fún ọtí. Alátọ̀gbẹ kò ní èyí tó lè yàn nínú méjèèjì láìní ìwọ̀n.

Ààwẹ̀ náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn kò bá jẹ tí kò sì mu fún ìgbà pípẹ́, ara á máa jó ọ̀rá, ohun tó ń jáde lára ọ̀rá náà á sì máa bá uric acid du ọ̀nà àbájáde nínú kíndìnrín, uric acid á sì kó jọ. Ara tó gbẹ á tún mú un burú sí i. Bí alátọ̀gbẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà wa, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ pé kí ẹ dá a dúró, nítorí ó lè gbọ́ tiyín ju ti dókítà lọ.

Àwọn tó ń ka ìwé èsì fún òbí wọn, ẹ wo òǹkà dáadáa. Láàbù kan á kọ ṣúgà ní mmol/L, òmíràn ní mg/dL. Ṣúgà 7 mmol/L jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú 126 mg/dL. Uric acid 7 mg/dL sì jẹ́ nǹkan bí 416 lójú láàbù tó ń lo µmol/L. Nọ́ńbà 7 lè wà lórí ìwé kan náà nígbà méjì, kí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ síra pátápátá. Ti HbA1c náà ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́ lára wa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń pẹ́ tó nǹkan bí 120 ọjọ́ ni àyẹ̀wò yẹn gbẹ́kẹ̀ lé. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó lè fi irọ́ hàn, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí AS nìkan ti tó láti dà láàmú. Ẹ sọ jẹnotáìpù yín fún dókítà. Ẹ̀yin ìyá tí nǹkan oṣù yín ti dúró, ẹ má bẹ̀rù bí uric acid yín bá ga díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tó wà nínú ara obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ló ń bá a lé e jáde tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ibi tí a wà. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Ifọ́n sí Ọ̀wọ̀ tó gba Elegbeka níbí kọjá sì ti di ohun tí àwọn èèyàn ń ṣọ́ra láti rìn, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n pa Olúfọ̀n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adeusi, lórí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi pé kò lọ sí kíliníìkì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Nítorí náà, kí ìrìn kan ṣiṣẹ́ ìrìn mẹ́ta. Bí ẹ bá ti máa lọ láàárọ̀, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbààwẹ̀ láti òru, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún ṣúgà, creatinine àti uric acid lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì gba ìtọ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú káàdì àtọ̀gbẹ: ọjọ́, ṣúgà, kíndìnrín, uric acid. Kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó bá ń ka ọ̀kan lè rí ìyókù láìṣí ojú ìwé. Ìlà ti uric acid kò pọn dandan fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìgbà. Fún ẹni tí gáọ̀tì mú rí, tí òkúta ìtọ̀ mú rí, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ ni kí ẹ máa kún un. Ìlà kíndìnrín ni kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa gbé ìwé yìí ránṣẹ́ sí, owó oògùn ṣúgà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí bàbá àti màmá dára, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ fi owó creatinine kún un, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá sì ń pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má ṣe béèrè pé "Ṣúgà yín ńkọ́?" nìkan. Ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo ìlà náà sí yín létí.